Aago táímà méjì àti òrùlé kan: ìrírí mi pẹ̀lú pọ́ǹpù adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí ní ọdún 2024, ní àkókò tí òjò ń rọ̀ léraléra ní Ìjẹ̀bú, tí ìkùukùu sì ń bo ojú ọ̀run láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ilé àlejò kékeré tí mò ń bójú tó fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kún fọ́fọ́, nítorí pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Èkó àti ní òkè òkun kì í fẹ́ kí ọjọ́ yẹn fo àwọn ru, gbogbo wọn ló ń wálé wá bá àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà wọn. Àwọn ọmọ wọn sáré lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wa wà. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ ti ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó yọ ọ́ kíá, ó sì yíjú sí mi pé, "Mọ́mì àgbà, omi yín tutù jù." Mo sọ tẹmọ́mítà sí i, dígírì 25 ni mo bá níbẹ̀. Omi tí àwọn àgbà lè fi ṣe eré ìje ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré tó fẹ́ ṣeré nínú omi fún wákàtí kan nílò dígírì 29 tàbí 30, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eyín rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn.

Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìwé àti bírò, mo sì ṣírò rẹ̀. Adágún wa gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 5, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.4 tí a bá da ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé pọ̀ mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, èyí tó túmọ̀ sí pé omi tó wà nínú rẹ̀ tó lítà 70,000. Kí omi tó pọ̀ tó báyìí tó lè fi dígírì kan ṣoṣo gbóná sí i, yóò gba agbára tó tó yúníìtì iná 81, láìka èyí tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà lọ. Oṣù Kẹrin ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gbé owó yúníìtì kan fún àwa tí a wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná tó pọ̀ jù lọ fún, láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí náírà 225. Bí ẹ bá fi náírà 225 yẹn sọ ọ́ di owó, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà fún dígírì kan, dígírì mẹ́rin ni mo sì ń wá. Bí mo ṣe parí ìṣirò náà ni mo ti mọ̀ pé a kò ní fi iná gbé omi yìí gbóná láé. Oòrùn nìkan ló kù.

Pọ́ǹpù tí yóò gbé omi lọ bá oòrùn ti wà nílẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e bọ̀ láti Amẹ́ríkà nígbà tó wálé ní Kérésìmesì tó ṣáájú. Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà ti fi òṣùwọ̀n tuntun lélẹ̀ lórí iye iná tí pọ́ǹpù adágún tuntun lè jẹ, tó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn pọ́ǹpù ńlá tí kò mọ̀ ju eré kan lọ kò lè dójú òṣùwọ̀n náà mọ́, tí àwọn tó lè yí ìwọ̀n eré wọn padà sì gba ipò wọn. Èyí tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ ju eré kan yẹn náà lọ: bí iná tiwa tó jẹ́ 50Hz bá ti wọ inú rẹ̀, yóò máa yí ní nǹkan bí ìgbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan títí tí a ó fi pa á. Tuntun yìí lè rọra yí ní ìgbà 600, ó lè sáré dé ìgbà 3,450, a sì lè yan èyíkéyìí tó bá wù wá láàárín wọn, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí mọ́tò rẹ̀ tó ń tún iná náà tò kó tó fi í bọ́ mọ́tò.

Fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń lo ti àtijọ́ ni mo ṣe ń lo òun náà. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé omi tó bá sáré gba inú asẹ́ kọjá ló ń mọ́, mo sì ń fi pọ́ǹpù náà sí 3,450 fún wákàtí mẹ́rin láràárọ̀. Ọmọkùnrin oníná tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló gbé mítà rẹ̀ tó máa ń fi gbá wáyà mú wá lọ́jọ́ kan, tó ní kí n wá wo nǹkan. Ní 3,450, pọ́ǹpù náà ń jẹ wáàtì 2,000. Ó dín in kù sí 1,725 tí í ṣe ìdajì, mítà náà sì fi 290 hàn. Ó tún dín in kù sí 1,200, ó di 120. Mo ní kó tún un ṣe, nítorí mo rò pé mítà náà ti bàjẹ́, iye kan náà ló sì tún jáde.

Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í yẹ̀. Bí ìyípo pọ́ǹpù bá dín kù sí ìdajì, omi tó ń gbé kọjá yóò dín kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ, nítorí pé ìdajì ìdajì ìdajì ni. (Ìdí tí tiwa fi lé díẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́jọ ni pé ẹ̀rọ tó wà lórí mọ́tò náà ní iná tirẹ̀ tó ń jẹ, bó ti wù kí mọ́tò rọra yí tó.) Ní 3,450, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ni pọ́ǹpù wa fi ń gbé gbogbo lítà 70,000 náà gba inú asẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan, yúníìtì 7 ni yóò sì jẹ. Ní 1,200, yóò gbà tó wákàtí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n yúníìtì kan àti díẹ̀ péré ni. Omi kan náà ni, asẹ́ kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Kódà, ìwẹ̀nùmọ́ omi tó rọra kọjá dára ju ti èyí tó ń sáré lọ, nítorí pé yanrìn inú asẹ́ máa ń rí àyè di ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ mú nígbà tí omi kò bá tì í gbọ̀n-ọ́n. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń lo sólà àti ínfátà: pọ́ǹpù àtijọ́ máa ń fa iná ńlá lójijì bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ínfátà wa máa ń pariwo, ó sì máa ń kú, ṣùgbọ́n tuntun yìí máa ń rọra gbéra ni, àwọn páńẹ́lì orí òrùlé sì lè gbé wáàtì 120 yẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìfọwọ́ kan bátìrì.

Ohun kan péré ni eré kékeré kò lè ṣe. Igi máńgòrò aládùúgbò na ẹ̀ka rẹ̀ wọ ọgbà wa, nígbà ọyẹ́ sì rèé, ewé àti eruku a máa bo ojú omi bíi àwọ̀n. Ní 1,200, ẹnu ihò tó ń fa ojú omi mọ́ra kò lágbára tó láti fa wọn, wọn a kàn máa rá bàbà síbẹ̀ títí wọn yóò fi rì. Nítorí náà ni a ṣe fi wákàtí kan sílẹ̀ láàárọ̀ fún 2,600, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ojú omi mọ́ kí àlejò tó jáde.

Bí mo ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá ni pọ́ǹpù yóò máa ṣe, mo mọ̀ pé n kò lè máa dìde lọ tẹ ẹ́ fúnra mi. Pọ́ǹpù náà ní aago tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n nígbà kan tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tí a sì ń tún ínfátà ṣe lọ́wọ́, aago náà gbàgbé gbogbo ohun tí a kọ́ ọ. Mo wá lọ ra táímà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà rí roboto bí ojú aago, eyín kéékèèké 96 ló yí etí rẹ̀ ká, eyín kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tí ẹ bá sì tẹ̀ wọlé ni yóò tan iná nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ojú lásán lèèyàn fi ń rí ohun tó fẹ́ ṣe. Mo so ó mọ́ iná ìjọba, mo sì fọkàn balẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti gbọ́ ìró pọ́ǹpù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tó yẹ kó ti sùn tipẹ́. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí àpótí táímà náà. Ojú rẹ̀ ń sọ pé aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ọ̀sán ṣì ni lójú tirẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo eyín rẹ̀ tó ń rọra yí, kí ó tó yé mi: iná tó ń gbà kọjá náà ló ń yí i, gbogbo ìgbà tí iná bá sì lọ ni òun náà ń dúró síbi tó wà. Wákàtí kan ní ọjọ́ Ajé, méjì ní ọjọ́rú, méjì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, títí tí àárọ̀ rẹ̀ fi di ìrọ̀lẹ́ wa. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í lọ lè lo irú táímà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún láìkíyè sí i. Fún àwa, táímà tó ní bátìrì kékeré nínú, tó ń fi nọ́ńbà hàn, ló yẹ wá, nítorí pé bí iná lọ bí kò lọ, ó mọ ohun tí aago wí. Mo ra méjì.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ná wa lówó ju ìyẹn lọ. Ohun tí táímà mọ̀ ọ́n ṣe ni kó já iná kó sì tún un so, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe lò ó: a jẹ́ kí iná pọ́ǹpù gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù yìí máa ń sáré ní 3,450 fún ìṣẹ́jú mélòó kan ní gbogbo ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a, kí ó lè fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù. Bí iná bá lọ tó sì dé nígbà márùn-ún lóòjọ́, tí táímà náà tún ń já a tó ń so ó, apá kan nínú ohun tí a rò pé a ti fi pamọ́ ni eré àfagbára yẹn ń jẹ padà. Ẹ̀rọ orí mọ́tò náà kò sì fẹ́ràn kí a máa gba iná lẹ́nu rẹ̀ lójijì nígbà gbogbo. A dín ìṣẹ́jú eré náà kù sí èyí tó kéré jù lọ tí pọ́ǹpù gbà, ó dára sí i, síbẹ̀ kì í ṣe ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìdí ọ̀rọ̀ wà ní abẹ́ ìdérí pọ́ǹpù náà, níbi tí ihò wáyà kéékèèké mẹ́rin wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n eré kan tí a ti yàn sílẹ̀. Iná ńlá yóò máa wà lára pọ́ǹpù tọ̀sán tòru, àwọn wáyà kékeré yìí ni yóò kàn máa sọ fún un pé kó rìn, kó sáré, tàbí kó sinmi. Wáyà méjì tó fẹnu kan ara wọn ni gbogbo àṣẹ náà, kò sí iná kankan tó yẹ kó ti ìta wọ inú wọn. Ibi tí a ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí. Táímà wa kì í kàn án fẹnu wáyà méjì kan ara wọn, iná fóòtì 230 ló máa ń tú jáde ní ẹnu rẹ̀ bí àkókò bá tó. Ọmọ oníná náà so ẹnu táímà mọ́ ihò kékeré náà tààrà. Mo dúró tì í. A gbọ́ ìró kan bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ, òórùn rọ́bà tó jóná sì jáde lábẹ́ ìdérí. Ọmọ náà bojú wolẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú." N kò bínú sí i, nítorí èmi náà ti ka ìwé pọ́ǹpù náà, mo sì fo ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi dúró de pátákó tuntun fún ẹ̀rọ orí mọ́tò náà, tí ẹnì kan fi ẹrù rẹ̀ gbé e bọ̀ láti Houston, pọ́ǹpù àtijọ́ ni a sì fi rọ́jú ní gbogbo àkókò yẹn.

Ohun tí ì bá gbà wá kò tóbi ju ìṣáná lọ. Rílè ni wọ́n ń pè é. Táímà yóò fún rílè ní fóòtì 230 rẹ̀, rílè yóò fi agbára yẹn fa irin kékeré kan mọ́ra, irin náà ni yóò sì fẹnu wáyà méjì mìíràn kan ara wọn ní ìhà kejì, níbi tí iná ńlá kò lè dé. Rílè méjì la fi sí i, ọ̀kan fún táímà kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kí táímà má ṣe gbé iná pọ́ǹpù rárá, kó kàn máa jíṣẹ́ fún un.

Táímà kìíní ló ń bójú tó ìwẹ̀nùmọ́: 2,600 fún wákàtí àárọ̀ yẹn, lẹ́yìn náà 1,200 títí di ìrọ̀lẹ́. Táímà kejì ni ti oòrùn, òun ló sì gba èrò jù.

Ohun tó ń gba ooru oòrùn fún wa kò jọ páńẹ́lì tó ń ṣe iná. Ẹní oníke dúdú ni, tó kún fún ihò páìpù tín-ín-rín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì gùn ní 12. Mẹ́jọ la tẹ́ sórí páànù ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Tí a bá so wọ́n pọ̀, wọ́n fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ojú adágún, láàárín ìdajì àti odindi ojú omi ni wọ́n sì máa ń dá lábàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé ìhà gúúsù ni kí a kọ ojú wọn sí. Òótọ́ ni fún oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà tí àwọn àlejò Ojúde Ọba dé ní ọdún 2024 àti 2025, oòrùn ọ̀sán máa ń yà sí àríwá orí wa ní Ìjẹ̀bú. Níwọ̀n bí òrùlé wa kò ti dagun púpọ̀, a kò da ara wa láàmú, ibi tí òjìji tańkì omi kò dé la tẹ́ wọn sí.

Níbi eré pọ́ǹpù ni mo ti tún kẹ́kọ̀ọ́. Nítorí pé 1,200 ti dára fún asẹ́, mo fẹ́ kó dára fún òrùlé pẹ̀lú. Omi kò dé òkè rárá. Mo gbé e sí 1,700, omi dé òkè, ṣùgbọ́n ìhó funfun bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde láti ẹnu páìpù tó ń dá omi padà sínú adágún, bíi pé ẹnì kan ń mí sínú omi. Púlọ́ḿbà wa gun orí òrùlé, ó gbọ́ tí fáàfù kékeré tó wà ní òkè pátápátá ń mí "fíì, fíì". Iṣẹ́ fáàfù yẹn ni kó ṣí nígbà tí pọ́ǹpù bá kú, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí omi lè ṣàn wálẹ̀ kí ẹní oníke náà má baà fún pọ̀. Bí omi kò bá fi agbára tó tó tì í láti inú, ó máa ń rò pé pọ́ǹpù ti kú, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ omi. Díẹ̀díẹ̀ la ń gbé eré sókè, púlọ́ḿbà lórí òrùlé, èmi nídìí pọ́ǹpù, títí tó fi pariwo láti òkè pé, "Ó ti dákẹ́, Mọ́mì!" Nǹkan bíi 2,200 ló wà nígbà náà, ó sì ń jẹ wáàtì 550. Eré tó kéré jù lọ tí fáàfù yẹn fi ń dákẹ́ ni eré òrùlé yín, òrùlé kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀, nítorí gíga ilé kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ kejì tó wà níbẹ̀ yani lẹ́nu ju èyí lọ. Mo máa ń ti ọwọ́ bọ omi tó ń ti òkè bọ̀, inú mi kì í sì dùn bí kò bá gbóná lọ́wọ́ mi. Nígbà kan, mo dín eré kù, mo fara da ìhó, omi náà sì gbóná bí omi ìwẹ̀ àárọ̀. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, tẹmọ́mítà inú adágún kò kúrò ní 26. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi tó pẹ́ jù lórí òrùlé máa ń mú kí ẹní dúdú náà gbóná jù, ẹní tó bá sì gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ púpọ̀ á máa dá ooru rẹ̀ padà fún afẹ́fẹ́ dípò kó fún omi. Omi púpọ̀ tó fi dígírì méjì tàbí mẹ́ta péré gbóná ju ti adágún lọ gbé ooru wálẹ̀ ju omi díẹ̀ tó ń jóni lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń dábàá ni nǹkan bíi lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan fún ẹní kọ̀ọ̀kan tó tó irú tiwa, 120 fún mẹ́jọ. Nísinsìnyí, bí mo bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí mo sì rí i pé ó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, ọkàn mi a balẹ̀. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, ó máa ń fi nǹkan bíi dígírì kan kún odindi adágún náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Táímà kejì ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n aago kò mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, òjò rọ̀ láti aago mọ́kànlá, táímà náà sì ń gbé omi wa tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ sórí òrùlé títí di aago mẹ́rin, òjò sì ń tù ú fún wa. Adágún fi dígírì kan tutù sí i lọ́wọ́ ohun tí a rà láti fi gbé e gbóná. A wá fi ẹ̀rọ kan tó ń mọ ooru kún un, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà lórí òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹní náà, kí ó lè rí ohun tí wọ́n ń rí. Táímà gbọ́dọ̀ sọ pé àkókò ti tó, sẹ́ńsọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ pé òrùlé ti kọjá dígírì 38, kí rílè tó lè pe pọ́ǹpù sí 2,200, kí fáàfù tó ń darí omi sì yí ẹnu rẹ̀ sí òkè. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kọ̀, omi kò ní gun òrùlé. A tún ní kó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó yí ìpinnu rẹ̀ padà, nítorí pé ìkùukùu tó ń kọjá lójú oòrùn ti fẹ́ẹ̀ sọ fáàfù náà di ilẹ̀kùn ọjà. Ẹ̀rọ tó gbówó lórí jù ú lọ wà, tó ń fi ooru òrùlé wé ooru adágún fúnra rẹ̀, n kò sì sọ pé kò dára. Fún irú ilé tiwa, táímà kan àti sẹ́ńsọ̀ kan ti tó.

Ohun tí mo ì bá ti kọ́kọ́ ṣe kí n tó náwó sórí òrùlé ni kí n ra ìbòjú adágún. Omi tó ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ló ń gba ooru jù lọ nínú adágún. Ní alẹ́ ọyẹ́ kan ní oṣù Kìn-ín-ní, mo fi bírò sàmì sí ara táìsì, mo sì padà lọ wò ó láàárọ̀: omi ti fi mìlímítà 5 lọ sílẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n lítà 250 nìyẹn lójú adágún tiwa, ooru tí omi yẹn sì gbé lọ tó láti fi dígírì méjì tu gbogbo èyí tó kù. Oòrùn ọjọ́ méjì ni alẹ́ kan ń kó lọ. Láti ìgbà tí a ti ń fi ọ̀rá oníhóró bo ojú omi láti aago méje alẹ́, díẹ̀ ni ohun tí a bá láàárọ̀ fi ń yàtọ̀ sí ohun tí a fi sílẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí Ojúde Ọba ọdún 2025 dé ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, dígírì 28 ni omi wà pẹ̀lú gbogbo ìkùukùu rẹ̀, ìbòjú yẹn ni mo sì gbà pé ó ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ.

Òrùlé kan náà tún wúlò ní ìdà kejì. Ní oṣù Kẹta tí ooru máa ń mú ní Ìjẹ̀bú, adágún a máa dé dígírì 32 tàbí 33 fúnra rẹ̀, kì í sì tu ara ẹni tó bọ́ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kílóríìnì máa ń tètè tán nínú omi tó gbóná, tí ògiri a sì máa yọ̀. A máa ń yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní àkókò yẹn, a yí táímà kejì sí aago mọ́kànlá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí, a sì ká ìbòjú kúrò. Ẹní dúdú tó ń gba ooru lọ́sàn-án ń dà á nù sínú afẹ́fẹ́ lóru. Ó máa ń fà á wálẹ̀ sí 30 láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ náà kọ̀ láti pe pọ́ǹpù lọ sókè nígbà tí oòrùn ń ta gidigidi. Ọmọ oníná gun òrùlé, ó sì bá wáyà sẹ́ńsọ̀ tí oòrùn ti jẹ ara rẹ̀ títí ó fi là, bàbà inú rẹ̀ ti ń dúdú. Ó fi téèpù dì í fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni yóò mú wáyà tuntun wá, mo sì ti ra páìpù tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá sílẹ̀ dè é, kí ọyẹ́ tó wọlé.